Bí Dókítà Ẹbí Ṣe Kọ́ Láti Wọn Ẹrù Aláìsàn

Màmá kan wà tí ìyá kankan ò bí. Ẹni ọdún 79 ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, àtọ̀gbẹ ń bá a jà, oríkèé ń ro ó, egungun rẹ̀ ti ṣẹlẹgẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó mí délẹ̀. Dókítà Cynthia Boyd àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló fi èrò inú ṣẹ̀dá rẹ̀ lọ́dún 2005. Wọ́n kó ìlànà ìtọ́jú tó wà fún àìsàn kọ̀ọ̀kan jọ, wọ́n sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí màmá yìí bá tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Oríṣi oògùn 12 ló já sí, ìwọ̀n 19 lójúmọ́, tí wọ́n pín sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 406 lóṣù. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá àgbà nígbà tó ń to oògùn sórí tábìlì láàárọ̀ á mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ lèyí.

Ọ̀rọ̀ kí àìsàn bíi mélòó kan wà lára ẹnì kan ṣoṣo ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún 1970, Dókítà Alvan Feinstein ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fún un lórúkọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àlàyé rẹ̀, àìsàn kan ni olórí, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e. Dókítà tí àìsàn kan ṣoṣo jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lè rò bẹ́ẹ̀. Ti dókítà ẹbí ò rí bẹ́ẹ̀, nítorí odindi èèyàn ló ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Lọ́dún 1996, Marjan van den Akker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Maastricht, ní Netherlands, là á yé wa pé àìsàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè wà lára ẹnì kan láìsí pé ọ̀kan ń ṣe olórí.

Ìwádìí Scotland lọ́dún 2012, lórí èèyàn tó lé ní 1,750,000, fi hàn pé 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nípò yìí. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ní àdúgbò àwọn tálákà, ó ń fi ọdún 10 sí 15 yá dé bá wọn ju àwọn olówó lọ.

Dókítà wá ní láti máa wọn ọ̀kan mọ́ èkejì. Oògùn tó ń dẹ ìrora oríkèé lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kó sì pa kíndìnrín lára. Bí oògùn àtọ̀gbẹ bá sì fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ arúgbó wálẹ̀ jù, òòyì lè gbé e ṣubú, egungun tó ti ṣẹlẹgẹ́ yẹn á sì kán. Lọ́dún 2009, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Carl May, Victor Montori àti Frances Mair, kọ̀wé pé kí ìtọ́jú má di ẹrù tí aláìsàn ò lè gbé. Lọ́dún 2016, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, fi í sínú ìlànà: kí dókítà bi aláìsàn léèrè ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù, kó sì wo oògùn tó ṣeé yọ kúrò. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn: “Mà, nínú gbogbo èyí, kí lẹ fẹ́ máa lè ṣe?”