Iye Ọjọ́ Tí Kíkó Ọ́fíìsì Ń Gbà, àti Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀

Ká sọ pé iléeṣẹ́ oníṣirò-owó kan tó ní òṣìṣẹ́ 12 fẹ́ kó kúrò ní àdúgbò Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣàgámù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tó lọ sí Benin ti pàdé, tí púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá bi ọ̀gá ibẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni wọn yóò fi kó tán, ó ṣeé ṣe kó dáhùn pé Sátidé àti Sọ́ńdè kan ti tó, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn alábàárù ló wà lójú rẹ̀. Ìdáhùn náà ìbá tọ̀nà bó bá jẹ́ pé ẹrù nìkan ni ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò rí i pé ẹrù gbígbé ló kéré jù nínú wọn. Ohun tó ń jẹ ọjọ́ ni dídúró de ẹlòmíràn: onílé, káfíńtà, oníná, àti àwọn tí yóò fa íntánẹ́ẹ̀tì wọlé.

Ìṣirò náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ẹ̀yìn ni a ti ń kà á bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ṣètò yóò gbé jáde ni ìwé àdéhùn ilé tí wọ́n ń kúrò nínú rẹ̀, kó wo ọjọ́ tí owó ilé parí àti iye oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún onílé ṣáájú. Ká ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni owó náà parí. Wọn yóò nílò bí ọjọ́ 10 láti dí ihò ìṣó, tún ògiri kùn, san owó iná tó kù, kí onílé sì yẹ ilé wò kó tó dá owó tí wọ́n fi dúró padà. A jẹ́ pé ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ni ẹrù tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni kíkà sẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ìdúnàádúrà àti ìwé àdéhùn ilé tuntun lè gba ọjọ́ 21, nítorí pé agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ kà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ayálégbé àná jẹ gbèsè iná sílẹ̀ lórí mítà. Káfíńtà tí yóò fi pákó pín yàrá lè gba 10, oníná tí yóò fa wáyà gba 7, akunlé gba 4, títo kọ̀ǹpútà àti dídán wọn wò gba 4, kíkó ẹrù gba 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 48, ìyẹn ni pé bí wọn kò bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, wọ́n ti pẹ́. Nínú ọjọ́ 48 yìí, 2 péré ni ti ọkọ̀ akẹ́rù.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni a ń kà pọ̀ báyìí o. Àwọn tó ń dúró de ara wọn nìkan ni. Akunlé kò lè ṣáájú oníná, nítorí pé oníná yóò tún la ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Oníná náà kò sì mọ ibi tí yóò gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sí títí káfíńtà yóò fi parí ìpín yàrá. Àmọ́ ẹni tó ń kọ pátákó àkọlé, ẹni tó ń tẹ ìwé tuntun tí àdírẹ́sì tuntun wà lórí rẹ̀, àti òṣìṣẹ́ tó ń di fáìlì sínú páálí, gbogbo wọn lè máa ṣe tiwọn lọ ní àsìkò kan náà, láìfi ọjọ́ kankan kún ọjọ́ 48 náà. Okùn iṣẹ́ tó gùn jù lọ, tí ìkan ń dúró de èkejì, òun ló ń sọ iye ọjọ́ tí gbogbo ètò yóò gbà. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti ọdún 1957, nígbà tó sì di ọdún 1958, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní PERT kalẹ̀ fún iṣẹ́ ohun ìjà Polaris.

Ohun kan tó wúlò jọjọ nínú PERT ni bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè búra sí ọjọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ohun gbogbo bá lọ geerege, ó lè wọlé ní ọjọ́ 3. Bó ṣe sábà máa ń rí ni ọjọ́ 10. Bó bá burú, tí kò sí òpó nítòsí tàbí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá ọjọ́ tí wọn kò wá, ó lè di 35. A óò mú ọjọ́ tó dára jù, a óò fi ìlọ́po mẹ́rin ọjọ́ tó wọ́pọ̀ kún un, a óò fi ọjọ́ tó burú jù kún un, a óò sì pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. 3 àti 40 àti 35 jẹ́ 78; bí a bá pín in sí 6, ó di ọjọ́ 13. Bí wọ́n bá béèrè fún íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ilé, iṣẹ́ káfíńtà, oníná àti akunlé yóò gba ọjọ́ 21, nítorí náà ọjọ́ 13 yìí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá lọ di 35, íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti di okùn tó gùn jù, ẹrù yóò sì dúró dè é. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, kì í ṣe ohun tí a ń rántí nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ.

Èèyàn a máa ro pé bí òun bá ti fi ọjọ́ tó burú jù sínú ìṣirò, òun ti bọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Buehler, Griffin àti Ross, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 37 ní yunifásítì sọ iye ọjọ́ tí wọn yóò fi parí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn. Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 34, wọ́n sì ní bí gbogbo nǹkan bá dàrú, kò lè ju 49 lọ. Nǹkan bí ọjọ́ 55 ló gbà wọ́n. Iṣẹ́ tí a ń ṣe ni a máa ń rò. A kì í rántí bí ti àtẹ̀yìnwá ṣe rí. Fún ìdí èyí, ó sàn kí a bi iléeṣẹ́ mìíràn tó ti kó rí ní Ṣàgámù pé ọjọ́ mélòó ló gbà wọ́n ju kí a jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde kí a máa fi ọkàn yàwòrán. Ọjọ́ àfikún tí a bá sì fẹ́ fi sílẹ̀, kí a má ṣe pín in kékeré fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé oníṣẹ́ tó bá mọ̀ pé òun ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́ yóò jẹ ọjọ́ méjì náà. Ìparí ni kó wà, lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò. Bí a bá fi 12 kún 48, ìbẹ̀rẹ̀ yóò sún sí ọjọ́ 22 oṣù Keje.

Ẹrù náà ní ìṣirò tirẹ̀, tí kò nílò àròsọ. Kí òṣìṣẹ́ kan di kábínẹ́ẹ̀tì kan, kí a fi aago wò ó. Bó bá gbà á ní ìṣẹ́jú 40, tí kábínẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ 18, iṣẹ́ wákàtí 12 fún ẹnì kan nìyẹn, tàbí wákàtí 4 fún ẹni mẹ́ta. Ti ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ká ní dídi ẹrù sọ́kọ̀ gba ìṣẹ́jú 90, ìrìn 50, títú ẹrù 60, ìpadà 50. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ yóò tó padà wá dúró níwájú ilé. Ẹrù kejì yóò tú tán ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹ̀kẹta yóò tú tán ní ogún ìṣẹ́jú kí aago méje alẹ́ tó lù, nínú ìmọ́lẹ̀ tó ti ń ṣú. Ọ̀gá tó bá sọ pé ìrìn mẹ́ta lóòjọ́ kò purọ́, àmọ́ ẹ̀kẹta yẹn ni tábìlì ti máa ń fọ́.

Kí wọ́n tó háyà ọkọ̀ rárá, kí ẹnì kan mú téèpù lọ sí ilé tuntun. Àpótí irin tí wọ́n ń kówó sí fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80. Ojú ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n yàn fún un jẹ́ 76. Bí wọ́n bá mọ èyí ní oṣù Kẹjọ, káfíńtà yóò ti yọ férémù kó tó fi ilẹ̀kùn tuntun sí i, kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìkẹ́rù ni wọ́n mọ̀ ọ́n, alábàárù mẹ́fà yóò dúró sórí àtẹ̀gùn, àpótí yóò sì wà láàárín wọn, wọn yóò máa pe káfíńtà tó ti lọ sóde ìnáwó ní Ìkẹ́nnẹ́.

Kàlẹ́ńdà Ìjẹ̀bú àti ti Rẹ́mọ, níbi tí Ṣàgámù wà, náà wà lára ìṣirò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà a sì kún fọ́fọ́. Iléyá sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún, nítorí náà a kò lè fi ti èṣí ṣe òdiwọ̀n. Nígbà ọdún Agẹmọ, obìnrin kì í jáde sí ojú ọ̀nà tí àwọn Agẹmọ bá ń gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọjọ́ Orò ní àwọn ìlú Rẹ́mọ. Iléeṣẹ́ tí ìdajì òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ obìnrin kò gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Bí ohun èlò tuntun bá sì ń bọ̀ láti Èkó, kí wọ́n yẹra fún ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn tó ń lọ sí ìsìn òru máa ń kún ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ti òjò ni kò ṣeé bẹ̀: ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì máa ń padà pẹ̀lú agbára ní oṣù Kẹsàn-án, tí ìkẹ́rù àpẹẹrẹ wa bọ́ sí gan-an. Fáìlì tí omi bá wọ̀ kò tún di fáìlì mọ́, nítorí náà tàpólìn jẹ́ ọ̀ranyàn.

Ìwé kò gba agbára, ó kàn ní ọjọ́ tirẹ̀ ni. CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, fún iléeṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi ìyípadà àdírẹ́sì tó fi forúkọ sílẹ̀ tó CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, létí. Ti báǹkì a máa yí po bí ìgbín: púpọ̀ nínú wọn yóò béèrè ìwé owó iná tó ní àdírẹ́sì tuntun, ìwé náà kò sì ní jáde títí orúkọ yóò fi yí padà lórí mítà. Ẹni tó bá tètè yí ti mítà padà ti yanjú méjèèjì.

Ó ku owó ilé méjì tí wọn yóò san pa pọ̀ fún nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀, èyí tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ owó ṣírò yóò kọ́kọ́ pè ní òfò. Owó yẹn gan-an ló ń ra ọjọ́ tí káfíńtà fi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé òfìfo nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ní Fọlágbadé láìdúró. Iléeṣẹ́ tó bá kọ̀ láti san án yóò pa ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó tí kò sì wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni kí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé náà wò. Ó sì yẹ kí òṣìṣẹ́ kan ṣì máa jókòó sí ilé àtijọ́ fún ọjọ́ 10 tó kẹ́yìn yẹn, kó máa gba lẹ́tà, kó máa júwe ọ̀nà Ṣàgámù fún oníbàárà tí kò tíì gbọ́, títí di àárọ̀ ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án tí yóò ka iye tó wà lójú mítà sínú ìwé níwájú onílé, kó tó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.