Ìró tó gbé òkúta dúró: bí ère òrìṣà obìnrin Khmer ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọrùn-ẹsẹ̀ ni ère òkúta tó dá dúró ti máa ń kán, torí ibi tínínrín méjì yẹn ló ru gbogbo ara. Àwọn oníṣọ̀nà Khmer, ní ilẹ̀ Kàmbódíà òde òní, ti ń bá ìṣòro yìí yí láti nǹkan bí ọdún 600. Tó bá jẹ́ òrìṣà ọkùnrin bíi Vishnu, wọ́n á fi òkúta tó tẹ̀ kọrọdọ sílẹ̀ yí i ká, tàbí kí wọ́n sọ ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ di òpó. Ìró ló gba tobìnrin sílẹ̀. Ó gùn dé ọrùn-ẹsẹ̀, ó nípọn, ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ère òrìṣà obìnrin Durga tí wọ́n rí ní Sambor Prei Kuk, olú-ìlú ọba Isanavarman Kìíní ní ọ̀rúndún keje. Ìdí rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi ti ẹni tó ń mí. Ìró náà ṣì wà lára rẹ̀. Apá tí kò ní ohunkóhun tó gbé e ró ló kán lọ.

Ìró yìí náà la fi ń mọ ọjọ́ orí ère. Ti ọ̀rúndún kẹwàá ní ìṣẹ́po tóóró-tóóró láti òkè dé ilẹ̀, etí rẹ̀ sì ṣẹ́ wálẹ̀ níbàdí. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, ó ga lẹ́yìn, ó sì rọ̀ wá sísàlẹ̀ ìdodo níwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ère fún yín pẹ̀lú ọdún tí kò bá ìró rẹ̀ mu, ẹ fura.

Ní Preah Ko, ní ọdún 879, ilé òrìṣà mẹ́fà ni wọ́n kọ́: mẹ́ta iwájú fún àwọn baba ńlá ọba, mẹ́ta ẹ̀yìn fún àwọn aya wọn. Àwọn devata, obìnrin ọ̀run tó ń dúró lára ògiri, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ti ilé òrìṣà Banteay Srei, ọdún 967, lára òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú, ló dùn ún wò jù lójú tèmi.

Angkor Wat, ilé òrìṣà ńlá ti ọba Suryavarman Kejì, ní ọ̀rúndún kejìlá, ní devata tó ju 1,700 lọ, adé àti irun wọn sì yàtọ̀ síra. Wọ́n to òkúta ògiri tán kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí ojú ìdè òkúta fi máa ń la ara devata kọjá. Àwọn kan kò tilẹ̀ parí. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn: ara kọjú síni, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ ẹ̀gbẹ́. Ère náà kò jìn nínú ògiri, kò sí ààyè fún ìka ẹsẹ̀ láti yọ síwájú. Ọdún 1927 ni Sappho Marchal tẹ ìwé jáde lórí aṣọ àti ọ̀ṣọ́ wọn.

Lẹ́yìn Suryavarman ni ọba Jayavarman Keje ya ilé ìsìn Ta Prohm sí mímọ́ ní ọdún 1186, tó fi àwòrán ìyá rẹ̀ ṣe ère Prajnaparamita, ìyá ọgbọ́n àwọn ẹlẹ́sìn Buddha.

Omi ló ń ba àwọn devata Angkor Wat jẹ́ báyìí. Ó ń fa iyọ̀ wọnú òkúta. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á le, á sì máa ti ojú òkúta jáde. Òkúta yanrìn ní ìpele-ìpele. Èyí tí wọ́n bá gbé ìpele rẹ̀ lóòró á ṣí bí èèpo. Láti 1995 ni àwọn ará Jámánì àti Kàmbódíà ti ń fi ohun èlò ìlẹ̀mọ́ dí ihò ẹ̀yìn èèpo yẹn, kí ojú devata tó bọ́ sílẹ̀.