Ta ni wọ́n ń pè ní adjunct ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà?

Ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní "Professor", ará ilé yóò sì ti máa kí i kú oríire. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ẹni tí ó ti dé òkè téńté nínú iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Lọ́hùn-ún, ẹni tí ó bá ṣáà ti dúró níwájú kíláàsì ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ lè jẹ́ adjunct, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí a so mọ́ òmíràn. Olùkọ́ tí wọ́n gbà fún kíláàsì mélòó kan ni, fún sáà kan, tí wọ́n sì ń san owó iye kíláàsì tí ó bá kọ́ fún un. Kò sí lójú ọ̀nà tenure, ìyẹn ipò tí kì í jẹ́ kí ilé-ìwé lè yọ olùkọ́ láìsí ìdí pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ pátì-táìmù tí wọ́n ń lò fún irú olùkọ́ yìí ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ọlọ́dún méjì (community college) ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, òfin kò gba olùkọ́ pátì-táìmù láàyè láti ṣe ju ìdá 67 nínú 100 iṣẹ́ olùkọ́ àkókò kíkún lọ ní àgbègbè kọ́lẹ́ẹ̀jì (district) kan. Níbi tí iṣẹ́ kíkún bá ti jẹ́ yúnìtì 15, kíláàsì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ yúnìtì 3 ló lè gbà, nítorí pé ìkẹrin yóò kọjá ààlà. Ó wá di dandan kí ó wa ọkọ̀ lọ sí àgbègbè kejì láti gba mẹ́ta mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ di yúnìtì 18, síbẹ̀ pátì-táìmù ni ní ibi méjèèjì. Búùtù ọkọ̀ ni ọ́fíìsì irú wọn: páálí kan fún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àárọ̀, òmíràn fún ti ìrọ̀lẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má gbé páálí tibí lọ sọ́hùn-ún.

Ìṣirò wákàtí ló wá ya ni lẹ́nu. Wákàtí tí olùkọ́ fi dúró ní kíláàsì ló hàn sójú. Èyí tí ó fi múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ àti èyí tí ó fi ń máàkì àròkọ lóru kò hàn. Òfin ìlera tí gbogbo ayé mọ̀ sí Obamacare ka ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ sí òṣìṣẹ́ àkókò kíkún. Ní 2014, àjọ owó-orí gbà pé ilé-ìwé lè ka wákàtí kan ní kíláàsì sí wákàtí 2.25. Olùkọ́ oníyúnìtì 9 ní wákàtí 20.25 nìyẹn, yàtọ̀ sí ìpàdé àti àkókò tí wọ́n bá ní kí ó fi gba àlejò akẹ́kọ̀ọ́, kò tó. Láti oṣù Keje 2023, fún àwọn tí ń wá ìdáríjì ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ nítorí pé wọ́n ń sin ìlú, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí a ka yúnìtì kọ̀ọ̀kan sí wákàtí 3.35. Yúnìtì 9 kan náà di wákàtí 30.15, ó sì kún. Ìṣirò kejì yìí lèmi fara mọ́. Ẹni tí ó bá ti máàkì àròkọ 30 rí kò ní bá mi jiyàn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń forúkọ sílẹ̀, ibi tí ó yẹ kí ó ti rí orúkọ olùkọ́ lè jẹ́ "Staff" lásán, òṣìṣẹ́ kan ṣá, nítorí pé wọn kò tíì yan ẹni tí yóò kọ́ ọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sì pọ̀ tó, wọ́n lè fagi lé kíláàsì náà nígbà tí sáà bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nínú ẹjọ́ Cervisi ní 1989, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Kalifóníà dájọ́ pé ìlérí iṣẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ irú nǹkan báyìí kì í ṣe ìdánilójú, àti pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́ láàárín sáà méjì. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Professor ní oṣù Karùn-ún lè wà nídìí kọ̀ǹpútà ní oṣù Kẹfà, tí ó ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́.