Samoa: ṣé olóyè nìkan ló lè di aṣòfin?

Samoa, orílẹ̀-èdè tó wà lórí àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, dìbò ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ipò bọ́ lọ́wọ́ Fiame Naomi Mataʻafa, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ìjọba níbẹ̀. Ohun tó rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé gbogbo ẹni tó dupò pátá ló jẹ́ olóyè.

Ṣé Samoa ti Amẹ́ríkà nìyí?
Rárá. Ìyẹn wà nítòsí rẹ̀. Èyí gba òmìnira lọ́wọ́ New Zealand ní 1962.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ olóyè yẹn?
Òótọ́ ni. Matai ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ má ro ti adé àti ààfin o: olórí ẹbí ni matai. Ẹbí ló ń jókòó, tí wọ́n á fẹnu kò sórí ẹni tí oyè tọ́ sí, wọ́n sì lè gbà á padà. Matai máa ń pọ̀ lábúlé kan, obìnrin náà ń jẹ ẹ́. "Fiame" tó ṣáájú orúkọ obìnrin yẹn, oyè ni. Bàbá rẹ̀, olórí ìjọba àkọ́kọ́, ti jẹ ẹ́ rí. Ìjà oyè ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ro ẹjọ́ ilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìbò pàápàá, àwọn matai nìkan ló ń dì í fún èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìjókòó ilé aṣòfin. Ní 1990 ni ará ìlú fọwọ́ sí i pé kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 máa dìbò. Ipò dídù ni wọn kò ṣí sílẹ̀.

Ta ni olórí orílẹ̀-èdè?
Àwọn aṣòfin ló ń yàn án, fún ọdún 5. Agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ní 2021, lẹ́yìn ìdìbò, ó dán an wò bó ṣe tó: ó ní kí ilé aṣòfin má jókòó, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n jókòó. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Fiame, FAST, dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ta àgọ́ síta bí ẹni ń ṣòde, wọ́n sì búra fún un lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ HRPP, tó ti ń ṣèjọba fún nǹkan bí ogójì ọdún, ní irọ́ ni. Ní oṣù keje, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìbúra abẹ́ àgọ́ náà múlẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Fiame?
Ilé tirẹ̀ ló dàrú. Ó yọ mínísítà kan, Laʻauli Schmidt, tó jẹ́ alága FAST. Ẹgbẹ́ fọ́ sí méjì, àwọn aṣòfin kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìbò sì dé. Laʻauli ló jáwé olúborí.

Ṣé mo lè lọ jẹ oyè kí n dupò?
Wọ́n máa ń fi oyè dá àlejò lọ́lá, àmọ́ òfin ní kí ẹni tó ń dupò jẹ́ ọmọ ìlú, kó sì ti sin abúlé rẹ̀ fún ọdún 3.

Ilẹ̀ ńkọ́?
Nǹkan bí 80 nínú 100 ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, òfin orílẹ̀-èdè sì kọ̀ kí wọ́n tà á. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá fún yín lórí WhatsApp, ẹ má sanwó.