Bí jẹjẹrẹ ẹnu ṣe ń dé ọrùn

Kókó ọrùn tó ń dunni kì í fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bani. Eyín tó kẹ̀ lè fà á. Bí eyín bá sàn, òun náà á rọlẹ̀. Èyí tó le bí kóró àgbálùmọ̀, tí a tẹ̀ tí kò dunni, ló yẹ kí a torí ẹ̀ yẹ inú ẹnu wò.

Omi kan wà tó máa ń jò láti inú òpó ẹ̀jẹ̀ sáàárín ẹran ara. Òpó omi-ara ló ń kó o padà, tó ń gbà á kọjá nínú àwọn kókó tó ń sẹ́ ẹ, irú èyí tó wà lọ́rùn, kó tó dà á sínú ẹ̀jẹ̀ nísàlẹ̀ ọrùn. Ògiri òpó yìí fẹ́lẹ́ gan-an, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Bí jẹjẹrẹ bá ti jẹ awọ inú ẹnu dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí. Nítorí náà, jíjìn egbò burú ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Egbò ahọ́n tó bá jìn ju mílímítà 3 sí 4 lọ, àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń kó kókó ọrùn kúrò pẹ̀lú rẹ̀, kódà bí ọwọ́ kò bá kan nǹkan kan níbẹ̀.

Ibi tí egbò wà ló ń sọ kókó tí yóò kọ́kọ́ gba jẹjẹrẹ. Ti ètè ìsàlẹ̀ ń lọ sábẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ párì. Ti ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ń lọ sábẹ́ párì àti òkè ọrùn nísàlẹ̀ etí; nígbà mìíràn ó máa ń fo ìwọ̀nyí, kó bọ́ sí àárín ọrùn. Èyí tó bá wà láàárín gbùngbùn, bíi ṣóńṣó ahọ́n, lè ya sí ọ̀tún àti òsì.

Nínú kókó, etí àpò tó bò ó ni jẹjẹrẹ kọ́kọ́ ń dúró sí, tí á máa pọ̀ síwájú. Bó bá ya àpò náà, kókó á lẹ̀ mọ́ ẹran, kò ní ṣeé tì síwá-sẹ́yìn mọ́; nígbà náà, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ nìkan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í sábà tó. Wọ́n máa ń fi oògùn jẹjẹrẹ kún un. Láti ìsàlẹ̀ ọrùn, ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tó ń fi tábà sábẹ́ ètè, tó tún ń mu ọtí, tí egbò ẹnu rẹ̀ kò sàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó má dúró de kókó. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì LAUTECH wà, ti yunifásítì Bowen náà wà. Kí ẹnikẹ́ni má la kókó ọrùn bí eéwo o: jẹjẹrẹ inú rẹ̀ á dà sára ẹran tó yí i ká. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fa díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ gbogbo ẹnu wò, títí dé abẹ́ ahọ́n.