Ṣé tí wọ́n bá ti yọ Ekong kúrò, ẹ̀yìn Super Eagles á dáa?

Ẹ jẹ́ ká rántí oṣù July 2019, AFCON, ìyẹn ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tó wáyé ní Ijípítì. Ọjọ́ 10 oṣù yẹn la bá South Africa pàdé, ọ̀mì ni, 1-1, ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, wọ́n gbá kọ́nà wọlé, kípà wọn jáde síta kò bá a, William Troost-Ekong, difẹ́ńdà wa, ló wà níbẹ̀, góòlù! Ìṣẹ́jú 89. Gbogbo àdúgbò pariwo. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ Sunday, a bá Algeria gbá semi-final, Riyad Mahrez tiwọn gbá bọ́ọ̀lù sí iwájú ilé wa láti ọwọ́ ọ̀tún, ó ba Ekong, ó wọ ilé tiwa. Ighalo fi pẹnáritì dá a padà, àmọ́ Mahrez náà ló tún wá fi fíríkíìkì parí ẹ̀ nígbà tí àfikún àsìkò ń tán lọ, 2-1, a kẹ́rù wa nílẹ̀.

Ẹnu tó ń pè é ní bàbá lọ́jọ́ Wednesday, òun náà ló ń bú u lọ́jọ́ Sunday.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn dédé kórìíra ẹ̀ o. Ní World Cup 2018 ní Rọ́ṣíà, máàṣì wa àkọ́kọ́ ní Kaliningrad, òun ló di Mandžukić ti Croatia mú nígbà tí kọ́nà ń bọ̀, wọ́n fún wọn ní pẹnáritì, Luka Modrić gbá a wọlé, 2-0 la fi pàdánù. Nítorí náà ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀ kí ti Algeria tó ṣẹlẹ̀. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù ti ń sọ pé ẹ yọ bọ̀bọ́ yìí, ẹ̀yìn wa á dáa. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń wo bọ́ọ̀lù, bóyá Super Eagles ni o, bóyá Man U tàbí Arsenal: sẹ́ńtà-bákì, ìyẹn difẹ́ńdà àárín, tó bá dáa lónìí tó bàjẹ́ lọ́la ni ìṣòro, ẹ yọ ọ́, ìṣòro tán.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, àwọn tá à ń bú yìí ń ṣiṣẹ́ fún wa.

Ibi tójú wa ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wòran ni nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Tí góòlù bá wọlé, ẹni tó bá sún mọ́ àwọ̀n jù lojú ń rí, orúkọ tiẹ̀ náà lẹni tó ń sọ eré lórí tẹlifíṣọ̀n á pè. Àmọ́ ẹ dá fídíò yẹn padà sẹ́yìn díẹ̀, bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ta ló pàdánù bọ́ọ̀lù níwájú? Ta ló ń rìn gbẹ̀rẹ́ bọ̀ nígbà tó yẹ kó sáré padà? Ta ló fi ẹni tó ní bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tó fi ráyè gbójú sókè, tó wo ibi tó wù ú, tó wá gbá a síbẹ̀? Bí òrùlé bá ń jò, ẹní tá a tẹ́ sílẹ̀ ló máa tutù, àmọ́ ẹní kọ́ ló jò. Bọ́ọ̀lù Mahrez yẹn, ẹ tún un wò, Ekong ń sáré lọ sọ́nà ilé ara ẹ̀, bọ́ọ̀lù ń bọ̀ pẹ̀lú ipá, tó bá fẹsẹ̀ kàn án ó lè wọlé, tó bá fi í sílẹ̀ ẹlòmíì lè bá a lẹ́yìn ẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ fún un.

Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé iṣẹ́ sẹ́ńtà-bákì tó dáa jù lọ ni èyí téèyàn ò rí. Àwọn àgbà ní igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Difẹ́ńdà tó mọṣẹ́ á ti rí ibi tí bọ́ọ̀lù fẹ́ gbà kí wọ́n tó gbá a, á ti sún díẹ̀ sápá òsì, á ti pariwo pé kí ẹnì kejì ẹ̀ padà sẹ́yìn, ẹni tó fẹ́ gbá a á wá rí i pé ọ̀nà ti dí, á gbá a padà. Kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Ó lè ṣe irú ẹ̀ ní ìgbà àìmọye nínú máàṣì kan ṣoṣo, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan tó bá yọ̀ ni wọ́n máa gbé kiri lórí WhatsApp. Sìtíráíkà tó ń jẹ góòlù wá ńkọ́? Ó lè pàdánù àǹfààní mẹ́rin, tó bá jẹ ẹyọ kan péré, òun lọkùnrin ọjọ́ náà. Ìwọ̀n tá a fi ń wọn àwọn méjèèjì ò dọ́gba rárá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé sẹ́ńtà-bákì ló ń ṣe ségesège jù nínú tíìmù.

Ẹ wá wo ọdún 2024, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. AFCON ti Ivory Coast, máàṣì àkọ́kọ́, Equatorial Guinea bá wa gbá 1-1, ariwo ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kóòṣì José Peseiro ò mọ nǹkan kan, wọ́n ní ẹ̀yìn wa ti ṣí sílẹ̀. Wilfred Ndidi tó máa ń dúró síwájú àwọn difẹ́ńdà ò sí níbẹ̀, ó farapa. Kí ni Peseiro ṣe? Kò yọ Ekong. Ńṣe ló kó sẹ́ńtà-bákì mẹ́ta síbẹ̀, Semi Ajayi lápá ọ̀tún, Ekong láàárín, Calvin Bassey lápá òsì. Bassey lẹ́sẹ̀, ó lè sáré bá ẹnikẹ́ni, nítorí náà ibi tí Ekong ti máa ń ní wàhálà, ìyẹn kó yí padà kó máa bá ọmọ tó yára sáré ní gbangba, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́. Ó dúró síbi tó mọ̀, ó ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù jáde, ó ń pàṣẹ, ó ń tò wọ́n. Níwájú náà, Osimhen, sìtíráíkà wa, ò jẹ́ kí àwọn difẹ́ńdà tíìmù kejì rímú mí, góòlù kan ṣoṣo ló jẹ nínú gbogbo ìdíje náà àmọ́ àgbàrá tó ń dà sí wa lẹ́yìn, òun ló ń dín in kù.

Ivory Coast, 1-0. Guinea-Bissau, 1-0. Cameroon, 2-0. Angola, 1-0. Máàṣì mẹ́rin léraléra, bọ́ọ̀lù ò wọ ilé wa. Èyí tó wá wọlé lẹ́yìn náà, pẹnáritì South Africa ní semi-final ni, nígbà tí ìṣẹ́jú 90 ti pé, Stanley Nwabali, kípà wa, wá bá wa mú méjì nígbà tá a dé ìfagagbága pẹnáritì. Ekong tí wọ́n ní kí wọ́n lé lọ, góòlù mẹ́ta ló jẹ, pẹnáritì méjì, pẹ̀lú èyí tó fi orí kàn wọlé nínú fáínà lọ́jọ́ 11 oṣù February. Lóòótọ́, Kessié àti Haller ti Ivory Coast dá a padà, a pàdánù 2-1, síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ àti ibi tí wọ́n ní kó dúró sí ló yí padà.

Kí ẹ má bàa ní torí pé ọmọ wa ni mo ṣe ń gbè é, ẹ wo Manchester United. Harry Maguire, sẹ́ńtà-bákì wọn, mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn ni wọ́n fi rà á ní 2019, kò sírú èébú tí wọn ò bú u. Kóòṣì Erik ten Hag yọ ọ́, ó fi Raphaël Varane àti Lisandro Martínez síbẹ̀, àwọn méjèèjì ti gba World Cup, tíìmù náà tún dáa sí i lóòótọ́, wọ́n gba Carabao Cup, ife ẹ̀yẹ kan ní England, lóṣù February 2023. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ẹ̀, ní Anfield, pápá Liverpool, ọjọ́ 5 oṣù March, Liverpool nà wọ́n 7-0, Varane àti Martínez yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ máàṣì yẹn. Méje! Tó bá jẹ́ Maguire ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, títí dòní la ò bá ṣì máa gbọ́ ọ. Lóṣù kẹrin, Sevilla nà wọ́n 3-0, Maguire wà níbẹ̀, góòlù àkọ́kọ́ ti ọwọ́ ẹ̀ wá, gbogbo ayé gbé e kiri, àwọn díẹ̀ ló sọ pé De Gea, kípà wọn, ló gbé bọ́ọ̀lù fún un nígbà tí àwọn Sevilla ti yí i ká. Nígbà tó fi máa di November 2023, Maguire yìí ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lóṣù náà ní Premier League.

Tàbí ká ranti Benin City, November 2020, a ti jẹ góòlù mẹ́rin sí Sierra Leone kí ìdajì wákàtí tó pé, máàṣì parí sí 4-4. Tẹ́nì kan bá sọ pé ẹ̀bi ẹyọ èèyàn kan ṣoṣo ni góòlù mẹ́rin tó wọ ilé wa yẹn, kó dárúkọ ẹni náà fún mi.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má yọ difẹ́ńdà kankan láé o. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe kan náà ló ń tún ṣe, tó jẹ́ gbogbo kọ́nà ló ń gbàgbé ọkùnrin tó yẹ kó mú, tó jẹ́ pé bí wọ́n tiẹ̀ fi èèyàn méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ó ṣì ń pẹ́ dé ibi bọ́ọ̀lù, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó, kò sí ìjà ńbẹ̀. Àmọ́ kóòṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi tó fi í sí ló ń pa á lára. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tí òrùlé ṣì ń jò, ẹni tuntun náà á tutù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìn fáínà 2024. Ekong ti jẹ góòlù, èèyàn ò lè bú u, ni wọ́n bá kọjú sí Alex Iwobi tí kì í tiẹ̀ ṣe difẹ́ńdà, wọ́n bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ó pa àwọn fọ́tò ẹ̀ rẹ́ lórí Instagram, Ahmed Musa tó jẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì nígbà yẹn ló bọ́ síta tó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọmọ yẹn sáré títí fún wa láti máàṣì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń wo bọ́ọ̀lù ti gbà pẹ̀lú mi lórí ti Algeria, ó ní òun wo fídíò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òun rí i pé bọ́ọ̀lù ò yẹ kó dé ibẹ̀ rárá. Ó wá ní ti Mandžukić ńkọ́? Mo ní ìyẹn, ẹ̀bi Ekong ni, kò sẹ́ni tó tì í.