Pẹ́pẹ́yẹ Orí Sítáǹpù: Bí Àbàtà Amẹ́ríkà Ṣe Ní Àpò Owó Tirẹ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo sítáǹpù ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà tà, ti ọdún 1934, dáadáa. Àwọ̀ búlúù ló ní. Pẹ́pẹ́yẹ igbó méjì, akọ àti abo, ń balẹ̀ sórí omi àbàtà, apá wọn ṣì nà sókè. Iye tí wọ́n kọ sí i ni dọ́là kan. Pósófíìsì ni wọ́n ti ń tà á, ṣùgbọ́n kò wúlò fún lẹ́tà rárá. Ọdẹ ló ni ín. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16, tó fẹ́ gbé ìbọn lọ pa pẹ́pẹ́yẹ igbó níbikíbi ní Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ ra á; tó bá jẹ́ oníwèé ló rà, kó fi yíǹkì kọ orúkọ rẹ̀ gba ojú rẹ̀ kọjá, kí ẹlòmíì má baà lè lò ó. Tí oṣù Kẹfà bá parí, ó ti kú nìyẹn. Ọdún tó ń bọ̀, òmíràn ni yóò rà.

Ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, títí dòní wọn ò sì fi ọdún kan fò ó. Owó tó ti inú rẹ̀ wọlé ti lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Àbàtà àti ilẹ̀ ẹyẹ tó ti fi ra tàbí fi dáàbò bò ti tó mílíọ̀nù mẹ́fà éékà. Nínú gbogbo ètò ìjọba tí mo mọ̀ nípa omi àti ilẹ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ìbéèrè tí àwọn yòókù máa ń sá fún ló kọ́kọ́ dáhùn: ta ni yóò san owó rẹ̀, báwo ni owó náà kò sì ṣe ní tán?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe wo àbàtà gan-an nìyẹn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú sítáǹpù yìí. Lójú wọn, ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ni, ilé ẹ̀fọn àti ibà. Láti ọdún 1849 dé 1860, wọ́n ṣe òfin lórí òfin tó kó ilẹ̀ àbàtà fún àwọn ìpínlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè tà á, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ gbẹ́ kòtò tí yóò fa omi rẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n fún wọn tó mílíọ̀nù 65 éékà. Kò sẹ́ni tó rò ó pé omi tó ń gbẹ nínú àbàtà wọ̀nyẹn ló ń bọ́ kànga àti odò tó wà nísàlẹ̀.

Àwọn ẹyẹ náà wà lẹ́nu ìbọn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé, tí yìnyín sì wà tí wọ́n lè fi tọ́jú ẹran, pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n yìn níbọn lẹ́bàá odò lè dé ilé oúnjẹ ìlú ńlá kó tó bàjẹ́. Àwọn kan sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́. Ọdún 1916 ni Amẹ́ríkà àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣojú fún Kánádà, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, torí pé ẹyẹ tó pa ọmọ ní Kánádà, tó wá lo ìgbà òtútù ní Louisiana, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kankan. Òfin tẹ̀lé e ní 1918. Òfin náà fi ààlà sí ìbọn lóòótọ́, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ilé tí ẹyẹ náà yóò padà sí. Ẹ fi ìbọn sílẹ̀, kí ẹ wá máa gbẹ́ kòtò, ikú kan náà ni, ó kàn lọ́ra ni.

Láàárín àwọn tó ń ṣọ́ òfin ọdẹ ni èrò sítáǹpù ti kọ́kọ́ jáde. George Lawyer, tó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹran igbó fún ìjọba àpapọ̀, ló dá a lábàá pé kí gbogbo ọdẹ máa san dọ́là kan lọ́dún, kí wọ́n fi ra àbàtà fún ẹyẹ. Láti ọdún 1921 ni wọ́n ti ń gbé e lọ sílé aṣòfin, léraléra ló sì ń ṣubú. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọdẹ kò kan ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ ni. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 1929, òfin náà kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ dọ́là ọdẹ kúrò nínú rẹ̀. Òfin gba ìjọba láyè láti ra ilẹ̀. Owó tí wọn yóò fi rà á, ọdọọdún ni wọ́n ní láti lọ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé aṣòfin. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Wọ́n ti yan oníwàásù, wọn ò fún un ní kẹ̀kẹ́.

Kò pé oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà tí ọjà owó wó ní New York. Ọ̀dá méjì ló wá pàdé ara wọn: ọ̀dá owó àti ọ̀dá òjò. Láàárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Dakota títí dé Oklahoma, ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ọkọ́ àti katakata tú di eruku, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Adágún kéékèèké tí pẹ́pẹ́yẹ máa ń yé ẹyin sí gbẹ. Iye ẹyẹ já wálẹ̀ débi pé àwọn ọdẹ gan-an ń bẹ̀rù.

Ibẹ̀ ni Jay Darling wọlé. Ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ni, nínú ìwé ìròyìn Des Moines Register ní Iowa, “Ding” ni orúkọ tó máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1924. Ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ni òun náà. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni, kò sì fi bò rárá pé òun kò fara mọ́ ìjọba Ààrẹ Roosevelt. Ó ń fi àwòrán bú wọn lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ní oṣù Kìíní 1934, Roosevelt fi í sínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta pẹ̀lú Thomas Beck àti Aldo Leopold, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Wisconsin, kí wọ́n wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Nínú oṣù Kẹta, ó fi í ṣe olórí Bureau of Biological Survey, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ẹran igbó nígbà náà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì fún èyí: ẹni tó pe alátakò rẹ̀ síbi iṣẹ́, àti ẹni tó jẹ́ ìpè náà.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1934 ni Roosevelt fọwọ́ sí òfin sítáǹpù ọdẹ. Ó wá ku àwòrán. Wọ́n ní kí Darling fi bí ó ṣe lè rí hàn wọ́n. Ó mú páálí, irú èyí tí alágbàfọ̀ máa ń fi sínú ṣẹ́ẹ̀tì kó má baà ká, ó sáré fa ilà díẹ̀ sí i. Èrò rẹ̀ ni pé òun ṣì ń dánra wò. Kí ó tó mọ̀, wọ́n ti gbé páálí náà lọ síléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọba, èyí sì ni wọ́n fín sára irin. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ, Darling fúnra rẹ̀ ló ra ti àkọ́kọ́.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà inú igbó, tó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Lọ́dún tí oúnjẹ wọ́n, tí iṣẹ́ kò sí, kí ìjọba tún ní kí ọdẹ san dọ́là kan sí i kó tó yìnbọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Síbẹ̀ 635,001 ni wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló rà á torí pé wọ́n ti fojú ara wọn rí adágún tó gbẹ.

Owó yìí kò tó rárá. Darling ń sáré káàkiri Washington ó ń tọrọ, àbọ̀ ìlérí ló sì ń rí gbà. Ọwọ́ Peter Norbeck, sẹ́nétọ̀ láti South Dakota, ni iṣẹ́ ìyanu ti wá. Ẹni tó fi gbígbẹ́ kànga ṣe iṣẹ́ kó tó di olóṣèlú ni, òun ló sì gbé òfin 1929 wá. Kò dàgbà jù, ṣùgbọ́n àìsàn ẹnu ń bá a jà. Darling ló sọ ìtàn yìí lẹ́yìn náà: ní 1935, bí ilé aṣòfin ṣe fẹ́ lọ sí ìsinmi, Norbeck dìde, ó yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó sì ka àfikún kan sí òfin sítáǹpù pẹ̀lú ohùn àwọn ará Scandinavia tó bí i. Ohun tó ń wí kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa. Wọ́n fọwọ́ sí i. Mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ló wà nínú àfikún náà fún ilẹ̀ ẹyẹ. Norbeck kú ní òpin ọdún tó tẹ̀lé e. Mílíọ̀nù mẹ́fà yẹn ṣì wà nílẹ̀ ní North Dakota àti káàkiri, omi àti esùsú ni ó dà.

Ìjà tó pẹ́ jù ni ti àpò náà fúnra rẹ̀. Láwọn ọdún tó ṣáájú 1958, owó sítáǹpù ń gbọ́ bùkátà púpọ̀: àtúnṣe, owó oṣù, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé àwọn arúfin. Ohun tó ń kù fún ríra ilẹ̀ kéré. Àkókò yẹn náà sì ni iléeṣẹ́ ìjọba tó wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ń san owó fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n fa àbàtà gbẹ. Ìjọba kan náà, apá kan ń sanwó kí àbàtà wà, apá kejì ń sanwó kó parẹ́! Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyí.

Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1958: tí wọ́n bá ti yọ owó ìtẹ̀wé, gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ lọ sórí ilẹ̀. Lónìí, nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan, sẹ́ǹtì 98 ló ń dé ibẹ̀. Òfin náà tún la ọ̀nà kan tí mo rò pé ó ju ríra lọ. Ní Dakota àti Minnesota, yìnyín àtijọ́ tó yọ́ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún adágún kéékèèké sílẹ̀ láàárín oko. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi kan lè gbẹ pátápátá, tí òjò bá dé á tún kún. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú pẹ́pẹ́yẹ ilẹ̀ náà ti ń pa ọmọ. Ìjọba kò lè ra gbogbo oko. Wọ́n wá ń bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn: ilẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ, máa dáko, máa da màlúù, ṣùgbọ́n omi yìí, o kò ní fà á gbẹ, o kò ní dí i, o kò ní dáná sun ún. Wọ́n á san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ra oko náà lọ́jọ́ iwájú, àdéhùn náà bá ilẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1961 wọ́n tún rí i pé kòtò ń sáré ju sítáǹpù lọ. Ilé aṣòfin wá yá ètò náà ní mílíọ̀nù 105 dọ́là, wọ́n ní owó sítáǹpù ọjọ́ iwájú ni yóò san án padà. Ní 1986 wọ́n dárí gbèsè náà jì. Ọdún kan ṣáájú ni òfin àgbẹ̀ 1985 ti sọ pé ẹni tó bá sọ àbàtà di oko yóò pàdánù ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ó gba ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lẹ́yìn sítáǹpù àkọ́kọ́ kí ọwọ́ méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan kan náà.

Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ ní 1934. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ewéko tó kú sínú omi àbàtà kì í tètè jẹrà. Káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á sùn sábẹ́ ẹrẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹ fa omi náà gbẹ, atẹ́gùn á wọ inú ẹrẹ̀, káábọ́ọ̀nù á sì padà sójú ọ̀run, níbi tó ti ń mú ayé gbóná. Tí ọ̀gbàrá bá dé, àbàtà ló ń gbà á mọ́ra kó tó dé ìlú. Àwọn ọdẹ ti ń san owó iṣẹ́ yìí láti nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, láì mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Dọ́là 15 ni sítáǹpù náà láti 1991. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún ni iye rẹ̀ kò sún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ń gbówó lórí lọ́dọọdún. Àwọn ọdẹ gan-an ló wà nínú àwọn tó ń bẹ ilé aṣòfin pé kí wọ́n fi owó kún un. Nínú oṣù Kejìlá 2014 ni Obama fọwọ́ sí i, ó di dọ́là 25 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé dọ́là mẹ́wàá tí wọ́n fi kún un, inú àdéhùn pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ nìkan ni kó máa lọ. Lọ́dún yẹn pẹ̀lú, ẹni tó ra sítáǹpù oníwèé yọ bíìrò jáde, ó kọ orúkọ rẹ̀ gba ojú pẹ́pẹ́yẹ kọjá.